Ìjàpá àti Peugeot 504: Níbo Ni Epo Ti Dúró?

Bí epo kò bá dé ẹ́ńjìnnì, àmì kan náà ni ọkọ̀ méjèèjì máa ń fi hàn. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì, ó wúkọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Tàbí kó jí, kó gbé yín dé agbede méjì ọ̀nà, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í já agbára sílẹ̀, kó máa ta yín síwá sẹ́yìn, títí tó fi kú sójú títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń ṣe náà kì í yàtọ̀, yálà Volkswagen Ìjàpá ló wà níwájú wọn ni o, tàbí Peugeot 504: wọn á mú sukudiráfà, wọn á kọjú sí kábúrétọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń bá wọn jiyàn. Kábúrétọ̀ ló gbẹ̀yìn lójú ọ̀nà epo. Ohun tó wà láàárín òun àti táńkì pọ̀, kò sì rí bákan náà nínú àwọn ọkọ̀ méjèèjì. Ibi tí táńkì wà ló yẹ kó sọ fún wa ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn.

Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ nílẹ̀ Nàìjíríà, Volkswagen lójú ọ̀nà Badagry l'Ékòó, Peugeot ní Kaduna. Ìdí nìyẹn tí àwọn méjèèjì fi kún ìgboro nígbà náà, tí ẹ sì fi lè rí wọn lónìí nínú ọgbà àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Irin wọn ṣì le. Rọ́bà wọn ló ti gbó, ojú ọ̀nà epo sì ni rọ́bà pọ̀ sí jù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Táńkì Ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń gba nǹkan bíi líta 40. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba inú ihò tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, ó sì gbé epo lọ bá pọ́ńpù. Táńkì yìí ga ju páìpù lọ, nítorí náà bí epo inú rẹ̀ bá pọ̀ díẹ̀, fúnra rẹ̀ ni epo á ṣàn dé ẹnu pọ́ńpù. Ti 504 yàtọ̀ pátápátá. Ẹ́ńjìnnì wà níwájú, táńkì wà lẹ́yìn nísàlẹ̀ búùtù, ó ń gba nǹkan bíi líta 56. Pọ́ńpù tó wà lára ẹ́ńjìnnì ga jù ú lọ. Kò sí ìṣàn kankan níbẹ̀: pọ́ńpù gbọ́dọ̀ fa gbogbo epo wá láti ìdí ọkọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí rọ́bà Ìjàpá bá sán, epo á jò síta. Ẹ ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ ó rí i nílẹ̀. Bí rọ́bà 504 bá sán láàárín táńkì àti pọ́ńpù, ó lè má jò rárá, afẹ́fẹ́ ni yóò máa wọlé. Bí ìgbà tí ènìyàn ń fi sítírọ́ọ̀ tó lu mu mínírà ni: ẹ fà títí, afẹ́fẹ́ ló kún ẹnu yín, bẹ́ẹ̀ ìgò ò tíì gbẹ. Ilẹ̀ á gbẹ táútáú, kò ní sí òórùn, mẹkáníìkì á sì búra pé ọ̀nà epo mọ́. Òun nìyẹn tó ń tú kábúrétọ̀ palẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá epo ni àbí kọ́rẹ́ńtì. Ẹ ṣí ìdérí fíltà afẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun kábúrétọ̀, ẹ fi ọwọ́ fa tọ́rọ́tù lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì wà ní pípa. Bí epo bá tú jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, epo ti dé ibẹ̀. Ẹ lọ wo plọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, a jẹ́ pé epo ti dúró síbì kan lọ́nà. Ìdánwò kékeré yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ nínú ọkọ̀ méjèèjì, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sanwó kábúrétọ̀ tuntun láìṣe é.

Fún Ìjàpá, ohun tó kàn rọrùn. Ẹ yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má ṣẹ́, ẹ fa rọ́bà tó wọ kábúrétọ̀ yọ, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, kí ẹnì kan yí sítátà. Epo gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ìgbà-dé-ìgbà. Bí kò bá tú, ẹ lọ sí apá kejì pọ́ńpù, ẹ fa rọ́bà tó ń bọ̀ láti táńkì. Bí epo bá ń ṣàn níbẹ̀ fúnra rẹ̀, táńkì àti páìpù kò jẹ̀bi, pọ́ńpù ni. Bí kò bá ṣàn, tí epo sì wà nínú táńkì dáadáa, nǹkan ti dí ọ̀nà. Ìpẹtà táńkì ló sábà máa ń fà á, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ti jókòó fún ọdún mélòó kan.

Pọ́ńpù Ìjàpá ní ẹ̀tàn kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ọ̀pá kékeré kan ló ń tì í láti inú ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ẹ́ńjìnnì oní-dáínámò mu gùn tó mílímítà 108; ti ẹ́ńjìnnì tó ń lo ọ́tánétọ̀ gùn tó 100. Bí ẹni tó ṣe é kẹ́yìn bá pa wọ́n pọ̀ mọ́ra láìwọ̀n, pọ́ńpù tuntun pátápátá lè má ti epo tó, tàbí kó tì í jù. Àtìjù sì burú bí àìtó. Agbára bíi psi 3 ni kábúrétọ̀ Solex rẹ̀ fẹ́. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, epo á ti abẹ́rẹ́ tó ń dé ẹnu ọ̀nà sẹ́yìn, kábúrétọ̀ á kún àkúnya, plọ́ọ̀gì á tutù. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní epo kò dé, nígbà tó jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù.

Fún 504, mo fẹ́ràn ọ̀nà kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fa rọ́bà tó ń wọ pọ́ńpù láti ẹ̀yìn, ẹ fi rọ́bà tuntun kúkúrú rọ́pò rẹ̀, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú kẹ́ẹ̀gì epo tó mọ́, kí ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà jìnnà sí ibi tó gbóná. Ẹ wá yí sítátà. Bí ẹ́ńjìnnì bá jí, tó sì ń ṣiṣẹ́ láìkú, pọ́ńpù àti kábúrétọ̀ ti bọ́ nínú ẹ̀sùn. Ẹ̀yìn ni ẹjọ́ wà: rọ́bà tó sán, kílíìpù tó dẹ̀, páìpù tí òkúta gbá pẹlẹbẹ lábẹ́ ọkọ̀, tàbí ìpẹtà ní ẹnu ohun tó ń fa epo nínú táńkì. Kò sí ìdánwò míì tó ń pín ọkọ̀ yìí sí méjì kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ìjàpá kò nílò rẹ̀, nítorí pé ìṣàn epo ti ṣe iṣẹ́ náà fún wa.

Àìsàn kan wà tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn: ìdérí táńkì. Bí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá dí, ọkọ̀ á sáré dáadáa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà epo kò ní lè jáde mọ́ nítorí pé afẹ́fẹ́ kò wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kú báyìí, ẹ ṣí ìdérí. Bí ẹ bá gbọ́ ìró tó fà, tí ọkọ̀ sì jí, ẹ ti rí i.

Ooru ń bá àwọn méjèèjì jà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Epo á hó nínú pọ́ńpù tàbí páìpù, á di oru, pọ́ńpù kò sì lè ti oru bó ṣe ń ti epo. Ọkọ̀ tí pọ́ńpù rẹ̀ ń fa epo láti ọ̀nà jíjìn ló máa ń jìyà èyí jù, nítorí pé fífà ń dín agbára tó dì mọ́ epo kù, kò sì ní pẹ́ hó. Nípa èyí, Ìjàpá sàn ju 504 lọ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ni ó fi ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Aṣọ tútù lórí pọ́ńpù á gbé yín délé.

Ṣùgbọ́n Ìjàpá léwu ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, n kò sì ní fi èyí bọpo bọyọ̀. Dísítríbútọ̀ wà nítòsí pọ́ńpù àti kábúrétọ̀ nínú àyè tó há. Páìpù idẹ kékeré tí epo gbà wọ kábúrétọ̀, títẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀. Ó lè tú lọ́jọ́ kan kó sì da epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ara ẹ́ńjìnnì yẹn ní magnesium nínú, bí ó bá gbaná, omi ń mú iná rẹ̀ le sí i ni. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti jóná látàrí rọ́bà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Rọ́bà tó tọ́ sí i kéré, inú rẹ̀ kò ju mílímítà 5.5 lọ; èyí tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ kì í di ẹnu páìpù mú, bí ẹ ti wù kí ẹ fún kílíìpù rẹ̀ tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, wọ́n kó epo bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Methanol ń ba rọ́bà àtijọ́ jẹ́, ó sì ń fa omi mọ́ra. Nígbà tí ẹ bá ń ra rọ́bà, ní Ládípọ̀ tàbí níbòmíràn, ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ 30R9 sí lára.

Ohun kan tún wà tí a fi ń mọ̀ bóyá awọ rọ́bà inú pọ́ńpù ti ya: ẹ fa gáájì ọ́ìlì, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn bí epo, tí ọ́ìlì sì ga ju ibi tí ẹ fi í sí lọ, epo ń jò wọ inú ẹ́ńjìnnì. Líta 2.5 péré ni ọ́ìlì Ìjàpá, òun náà ló sì ń ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti tu ẹ́ńjìnnì lára. Ti 504 tó líta 4, omi ló sì ń tu ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lára. Ẹ má ṣe wa ọkọ̀ kankan nínú wọn báyìí, Ìjàpá pàápàá, kódà dé ẹ̀yìn odi.

Ọ̀pọ̀ ń bi mí bóyá kí àwọn fi pọ́ńpù oníná rọ́pò ti ẹ̀rọ. Fún Ìjàpá, mo ní rárá. Epo ti ń ṣàn wá fúnra rẹ̀. Ohun tí pọ́ńpù oníná máa fi kún un ni pé bí rọ́bà bá tú lẹ́yìn, tí iná sì ràn, yóò máa bu epo fún iná náà. Fún 504 tó ń jókòó lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tí epo ti padà sínú táńkì kí ẹ tó tún wà á, mo lè gbà. Ẹ gbé e sí ẹ̀yìn nítòsí táńkì, níbi tí yóò ti máa tì dípò kí ó máa fà. Ẹ mú èyí tí agbára rẹ̀ kò kọjá ohun tí kábúrétọ̀ fẹ́. Ẹ sì so ó mọ́ swíìṣì tó ń pa á bí ẹ́ńjìnnì bá kú tàbí bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Láìsí swíìṣì yìí, ẹ fi ti ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, Ìjàpá ni mo máa mú, nítorí pé àìsàn rẹ̀ kì í fara pamọ́. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ tí màá fi kó àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn, 504 ni, lẹ́yìn tí mo bá ti pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ojú ọ̀nà epo rẹ̀, kí n sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ èyí tó kúrú tó wà lẹ́bàá táńkì, tí ẹni tí kò bá sùn sábẹ́ ọkọ̀ kò lè rí.