Ère Idẹ Nílẹ̀ Yorùbá

Ère idẹ ni àwòrán ènìyàn tàbí òrìṣà tí a fi idẹ dà. Ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ dà á fún òrìṣà wọn, bí Osiris àti Isis. Nílẹ̀ Yorùbá, a ní ẹdan Ògbóni, ọkùnrin àti obìnrin tí a fi ẹ̀wọ̀n so pọ̀, a sì ní Orí Olókun tí a rí ní Ilé-Ifẹ̀.

Báyìí ni a ṣe ń da ère idẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, alágbẹ̀dẹ idẹ yóò fi amọ̀ mọ inú ère náà. Lẹ́yìn èyí, yóò fi ìda oyin bò ó, yóò sì fín ojú, imú, ẹnu àti ilà sára ìda náà. Yóò tún fi amọ̀ mìíràn bo ìda, yóò sì dá ihò sí i. Nígbà tí ó bá gbẹ, yóò fi iná yan án títí ìda yóò fi yọ́ jáde. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni yóò da idẹ yíyọ́ sí. Bí idẹ bá tutù, yóò fọ́ amọ̀ ìta, ère yóò sì jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lo amọ̀ náà. Bí ọwọ́ bá ṣì, gbogbo iṣẹ́ di òfo.

Nítorí ìṣòro iṣẹ́ yìí, àwọn òyìnbó kan kò gbà pé àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí Orí Olókun, ó sì sọ pé àwọn Gíríìkì tí ó tẹ̀dó síhìn-ín láyé àtijọ́ ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, hú orí idẹ tí ó ju mẹ́wàá lọ jáde. Ní ọdún 1957, a tún rí ère ọba àti olorì ní Ìta Yemòó. Ojú wọn jọ ti Orí Olókun, ó sì jọ ti àwọn orí amọ̀ tí a ń hú nílẹ̀ Ifẹ̀. Ta ni yóò tún sọ pé àlejò ni ó ṣe wọ́n?

Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń da idẹ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ baba rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò lè fi í fún ẹlòmíràn lójú rẹ̀.