Kánádà gbowó-orí tì: Ìjọba, owó bodè àti àwọn olówó ẹ̀rọ ayélujára

Ọjọ́ kan péré ló kù kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rówó lórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn bíi Google, Amazon àti Meta tó ni Facebook, san owó-orí tuntun kan fún ìjọba Kánádà. Ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2025 ni wọ́n dá fún sísan rẹ̀. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, ìjọba Kánádà kéde pé òun ti fagi lé owó náà. Kò sí adájọ́ tó ní kí wọ́n má gbà á, kò sì sí aráàlú kankan tó jáde síta wá wọ́de nítorí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, bínú lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè bi wá pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó méjì tó ń bára wọn fa wàhálà. Ó kàn wá. Yàtọ̀ sí pé ọmọ wa tó wà ní Kánádà lónìí kò kéré, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí náà ni Nàìjíríà ń bá fà á, ìjà náà kò sì tíì tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí owó-orí ọ̀hún ṣe jẹ́. Láyé àtijọ́, bí òyìnbó bá fẹ́ tajà fún ọ, yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìlú rẹ, agbowó-orí á sì mọ ilẹ̀kùn tí òun máa kàn. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ kan lè wà ní Kalifóníà, kó máa ta ìpolówó fún onídìrí tó wà ní Toronto, kó máa kó èrè lọ, kó sì jẹ́ pé ìlú mìíràn tó wù ú ni yóò ti sọ pé òun ti jèrè. Ìdí nìyí tí Kánádà fi ṣòfin lọ́dún 2024 pé nínú gbogbo dọ́là 100 tí irú wọn bá pa lára àwọn ará Kánádà, kí wọ́n mú dọ́là 3 wá. Àwọn tó ń pa ju mílíọ̀nù 20 dọ́là Kánádà lọ lọ́dún nìkan ni òfin náà mú, kì í ṣe àwọn kéékèèké. Wọ́n sì ní láti ọdún 2022 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, èyí tó mú kí àkọ́san rẹ̀ wọ nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 dọ́là Amẹ́ríkà.

Kì í ṣe Trump ló kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Ìjọba Joe Biden náà ti fẹ̀sùn kan Kánádà lórí rẹ̀ lọ́dún 2024. Àmọ́ Biden fi ìwé jà, Trump fi owó bodè jà. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 27, oṣù kẹfà yẹn, ó kọ ọ́ síta pé òun ti dá gbogbo ìjíròrò òwò láàrin òun àti Kánádà dúró. Ẹ rántí pé bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà tí Kánádà ń tà sílẹ̀ òkèèrè, Amẹ́ríkà ló ń lọ. Owó bodè irin àti alumíníọ̀mù wọn sì ti di 50 nínú ọgọ́rùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Ọjọ́ méjì péré ni Olóòtú Ìjọba Mark Carney fi dúró.

Ohun tó dun ọ̀pọ̀ ará Kánádà níbẹ̀ ni pé nítorí Trump gan-an ni wọ́n ṣe dìbò fún Carney. Nígbà tí ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ alátakò ló ń léwájú, ó sì fi ẹgbẹ́ Carney sílẹ̀ lẹ́yìn réré. Ìgbà tí Trump bẹ̀rẹ̀ sí í pe Kánádà ní ìpínlẹ̀ kọkànléláàádọ́ta Amẹ́ríkà ni inú bí àwọn èèyàn. Wọ́n kó ọtí Amẹ́ríkà kúrò lórí àtẹ, wọ́n ń pariwo pé kí kálukú gbé ìgúnpá sókè bí àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ṣe máa ń ṣe. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, wọ́n gbé Carney wọlé, olórí ẹgbẹ́ alátakò sì pàdánù àga tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìgúnpá fi wálẹ̀. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ bò wọ́n láṣìírí. Ó sọ fún àwọn oníròyìn lọ́jọ́ kejì pé Carney àti Kánádà ti túúbá fún Trump.

Kí wá ni wọ́n rí gbà? Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ, Trump gbé owó bodè Kánádà lọ sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. A kò ní purọ́ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ọjà tó wà lábẹ́ àdéhùn òwò tí àwọn àti Amẹ́ríkà ti ní tẹ́lẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, Kánádà tún mú púpọ̀ nínú owó bodè tí òun náà fi gbẹ̀san kúrò. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Trump tún dá ìjíròrò dúró. Ìpolówó orí tẹlifíṣọ̀n kan ló fà á lọ́tẹ̀ yìí, èyí tí ìpínlẹ̀ Ontario ti lo ohùn olóògbé Ronald Reagan, tó bu ẹnu àtẹ́ lu owó bodè. Owó-orí ti lọ, ìjà kò lọ.

Kí ọ̀rọ̀ owó-orí yìí tó dójú ẹ̀ ni Kánádà ti rí agbára àwọn ilé-iṣẹ́ yìí, èyí tó dun èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ju ti owó lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n ṣòfin pé bí Google àti Facebook bá ń fi ìròyìn tí àwọn oníwèé ìròyìn Kánádà kọ pe èrò sọ́dọ̀ ara wọn, kí wọ́n máa fún àwọn tó kọ ọ́ ní nǹkan. Google ná an títí, ó gbà láti máa san mílíọ̀nù 100 dọ́là Kánádà lọ́dún. Meta ní òun kò ní san kọ́bọ̀, pé ìròyìn kò mú nǹkan kan wọlé fún òun tó bẹ́ẹ̀. Adìẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mumi, ó tún ń gbé òkúta mì, ó ní òun ò léyín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún náà ni Meta ti ń yọ gbogbo ìròyìn kúrò lójú Facebook àti Instagram ní Kánádà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé lẹ́yìn náà tí iná ìgbó fi ya bo agbègbè ìlú Yellowknife, lápá àríwá ibi tí òtútù ti ń mú jù. Bíi 20,000 èèyàn ni ìjọba ní kí wọ́n kó kúrò nílùú. Ọ̀nà mọ́tò kan ṣoṣo ló jáde níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ìròyìn nípa ibi tí iná dé, tó fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí Facebook, kò ní lọ. Ńṣe ni àwọn kan ń ya fọ́tò ìwé ìròyìn kí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá. Meta fèsì pé ojú ìwé àwọn àjọ ìjọba ṣì wà ní ṣíṣí. Olóòtú ìjọba ìgbà náà, Justin Trudeau, ní èrè ni wọ́n fi ṣáájú ẹ̀mí èèyàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tu irun kan lára wọn. Títí dìgbà ìdìbò oṣù kẹrin ọdún 2025, ìròyìn kò tíì padà síbẹ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Nílé níbí ńkọ́? Ní ọjọ́ 19, oṣù keje, ọdún 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ìyẹn FCCPC, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta. Oṣù 38 ni wọ́n fi wádìí. Ẹ̀sùn wọn ni pé WhatsApp ń kó ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ láì gba àyè lọ́wọ́ wọn, àti pé ọwọ́ tí wọ́n fi ń mú àwọn ará Yúróòpù kọ́ ni wọ́n fi ń mú tiwa. Ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ dá FCCPC láre ní oṣù kẹrin ọdún 2025. NDPC, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí aráàlú, ti bu mílíọ̀nù 32.8 tirẹ̀ lé e. Ni Meta bá kọ̀wé sílé-ẹjọ́ pé ó ṣeé ṣe kí òun ti Facebook àti Instagram pa ní Nàìjíríà.

Àyà àwọn oníṣòwò já. Aláàdìrẹ Ìtòkú tàbí aláṣọ òkè Ìsẹ́yìn tó ń fi àwòrán aṣọ sójú Facebook mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí. FCCPC ní Meta kàn ń dẹ́rù ba aráàlú ni, nítorí wọ́n ti bu owó ìtanràn lé e níbòmíràn, kò sì kẹ́rù. Ní ìpínlẹ̀ Texas nìkan, bílíọ̀nù 1.4 dọ́là ló gbà láti san lọ́dún 2024. Níhìn-ín náà, kò lọ. Nígbà tó fi di oṣù kẹwàá ọdún 2025, òun àti NDPC ti yanjú ẹjọ́ tiwọn láàrin ara wọn.

Ó yẹ ká kan sáárá sí wọn. Èyí kì í ṣe irú ti ọdún 2021, nígbà tí Twitter yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò, tí ìjọba sì fi ìbínú ti Twitter pa mọ́ gbogbo wa lójú fún oṣù méje. Ìyẹn jẹ́ ti ọlá ẹnì kan. Èyí jẹ́ ti aráàlú.

Àmọ́ ká rántí pé kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló dá Kánádà lápá, owó bodè ni. Amẹ́ríkà ti bu owó bodè 14 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọjà Nàìjíríà ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ó di 15 ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kọkànlá tí wọ́n yọ kòkó kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe pé àánú àgbẹ̀ Oǹdó ló ṣe wọ́n. Ọ̀wọ́n oúnjẹ ló ń mú àwọn ará ilé Trump kùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni Trump tún kọ ọ́ síta pé orílẹ̀-èdè tó bá fi owó-orí tàbí òfin ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ayélujára Amẹ́ríkà lára, òun yóò fi owó bodè kún tirẹ̀.

Àwa náà ní owó tí à ń gbà níbẹ̀. Láti ọdún 2022 ni Facebook ti ń fi VAT 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé iye tí ọmọ Nàìjíríà fi ń polówó ọjà. Ìpolówó 10,000 náírà, 750 náírà ló máa gun orí rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: àpò Meta kọ́ ni owó yẹn ti ń jáde, àpò ìyá aláṣọ ni. Èyí tí Kánádà fẹ́ gbà, tó jẹ́ pé àpò ilé-iṣẹ́ gan-an ni ìbá ti jáde, òun ló bí Trump nínú. Aṣojú-ṣòfin yín yóò tún wá tọrọ ìbò. Ẹ bá wa bi í pé bí Amẹ́ríkà bá fi owó bodè halẹ̀ mọ́ wa nítorí FCCPC lọ́la, ṣé ọjọ́ méjì ni àwa náà máa fi dúró?