KÒKÒRÒ HIV TÓ Ń SÙN: ÌBÉÈRÈ ÀTI ÌDÁHÙN

Ìbéèrè 1: Dókítà ní kòkòrò HIV kò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi mọ́. Ṣé kò lè dá oògùn dúró báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn ARV ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí kòkòrò náà kò bá hàn lára rẹ̀, tó sì ń lo oògùn lọ láìdáwọ́ dúró, kò lè kó o ran ẹlòmíràn nípa ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n pé kò hàn kò túmọ̀ sí pé kò sí mọ́. Díẹ̀ ti sá pamọ́, ó ń sùn. Bí a bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló sábà máa ń jí padà.

Ìbéèrè 2: Ibo ló sá pamọ́ sí?

Ìdáhùn: Inú àwọn ọmọ ogun ara tí à ń pè ní CD4 ni. HIV máa ń ki àṣẹ tirẹ̀ bọ àárín DNA wa, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. DNA gùn púpọ̀, nítorí náà ara máa ń ká a bí ìgbà tí aránṣọ bá ká òwú mọ́ igi. Ibi tí òwú bá ti dẹ̀, ara lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti fún, kò ṣeé kà. Ènsáìmù kan wà tó ń jẹ́ HDAC, òun ló ń mú kí òwú náà fún. Kì í ṣe ọ̀tá, ara nílò rẹ̀. Àmọ́ bí HIV bá bọ́ sí ibi tó fún, á máa sùn síbẹ̀. Oògùn ARV kò sì lè bá a níbẹ̀, torí èyí tó ń bí sí i ló ń bá jà.

Ìbéèrè 3: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń ṣe ènsáìmù ènìyàn nínú ìgò?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, kì í ṣe awo. Wọn kì í gé ara ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ṣe ẹ̀dà àṣẹ tí ara ènìyàn fi ń ṣe HDAC, wọ́n á fi sínú sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Èyí tí wọ́n sábà ń lò wá láti ara kòkòrò kan tó ń jẹ àgbàdo lóko. Sẹ́ẹ̀lì yìí á máa ṣe ènsáìmù náà, wọ́n á sì yọ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́. Òun ni wọ́n fi ń dán oògùn wò: èwo ló lè di HDAC lọ́wọ́, kí òwú lè dẹ̀, kí HIV lè jí síta? Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ló wà fún. Ẹni tó bá tà á fún yín bí oògùn, oníjìbìtì ni.

Ìbéèrè 4: Ṣé wọ́n ti rí ìwòsàn nípa rẹ̀?

Ìdáhùn: Wọn ò tíì rí i. Ní 2012, Dókítà David Margolis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì North Carolina, Amẹ́ríkà, fún ènìyàn 8 tó ń lo ARV ní vorinostat, oògùn jẹjẹrẹ kan tó ń di HDAC lọ́wọ́. Kòkòrò tó ń sùn jí lóòótọ́, àmọ́ èyí tó sá pamọ́ kò dínkù. Ní Bìrìtìkó, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àjẹsára kún un fún àwọn kan láàárín ènìyàn 60. Èsì tó jáde ní 2020 fi hàn pé kò yàtọ̀ sí ARV nìkan. Jíjí i kò tó, a gbọ́dọ̀ lè pa á. Ìwádìí ṣì ń lọ.

Ìbéèrè 5: Kí ni kí àwa máa ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe ní kí ẹ lò ó, kódà bí ara bá le koko. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa rán wọn létí pẹ̀lú ìfẹ́, ẹ má fi ṣe èébú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àgbo tàbí àdúrà òun ti wò yín sàn, kí ẹ da oògùn nù, ẹ kọ́kọ́ padà sí ilé ìwòsàn. Kòkòrò tó ń sùn kò tíì kú o. Ẹ má jí i.