Bí Ọmọ Yín Bá Ní Òun Fẹ́ Gun Kẹ̀kẹ́ Kọjá Ìwọ̀ Oòrùn Texas



Bí ìsinmi yunifásítì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí kan máa ń gbọ́ ohun tí wọn kò retí. Ọmọ á pe ilé, á ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, kí àwọn lè fi kó owó jọ fún àwọn aláìsàn. Bàbá á ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ ni mo ní kí o wá gùn ní Amẹ́ríkà?" Ìyá á bẹ̀rẹ̀ àdúrà. A kò bá ẹnì kankan wí nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti pé ọdún 18 lè gbéra láì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó sàn kí òbí mọ bí ọjọ́ kan ṣe ń rí lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kó lè mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Kì í ṣe eré ọmọdé o. Láti ọdún 2004 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University of Texas ní Austin ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Alaska nítorí àrùn jẹjẹrẹ, ìrìn tó ju 4,000 máìlì lọ. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní Southern Tier, láti San Diego ní California títí dé St. Augustine ní Florida. Ó tó nǹkan bí 3,000 máìlì, Texas nìkan sì gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Apá ìwọ̀ oòrùn Texas yìí gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ kan péré, láti Sanderson dé Langtry, lójú ọ̀nà US 90. Nǹkan bí 60 máìlì ni. Ẹ ó ní kí ló wà níbẹ̀, ṣebí kò tó Èkó sí Ìbàdàn? Òótọ́ ni, kò tó o. Àmọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn, ibo lèèyàn máa dúró sí tí kò ní rí ẹni tó ń ta omi tútù, búrẹ́dì tàbí gúgúrú? Níhìn-ín, ẹni tó bá ti kúrò ní Sanderson á rìn tó 20 máìlì kó tó dé Dryden, kò sì yẹ kó gbójú lé e pé òun máa rí nǹkan rà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, 40 máìlì mìíràn ni, òkúta, igbó ẹlẹ́gùn-ún àti ojú irin nìkan. Kò sí igi tó ga tó ẹni tó lè ṣíji bo èèyàn. Langtry fúnra rẹ̀ ò ju abúlé kékeré lọ, ibi tí adájọ́ Roy Bean ti ń dájọ́ nínú ilé ọtí rẹ̀ láyé àtijọ́.

Ẹni tó gbọ́n á ti jí ní aago mẹ́rin àárọ̀, á sì ti wà lójú ọ̀nà bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Bí òkùnkùn bá ṣì wà, òfin Texas ní kí iná funfun wà níwájú kẹ̀kẹ́, kí iná pupa tàbí gíláàsì pupa tó ń tàn yòò sì wà lẹ́yìn. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gùn ún, ibi tí mọ́tò dojú kọ ni kẹ̀kẹ́ náà ń dojú kọ, torí tírélà tó ń sáré lójú ọ̀nà yìí kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gún kan tún wà nílẹ̀ níbẹ̀ tó dà bíi dágunró ilé, ó ń lu táyà bí abẹ́rẹ́. Ẹni tí kò bá mú tíúbù méjì àti pọ́ǹpù dání, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn.

Ohun tó ń da ìṣirò rú ni afẹ́fẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, láti gúúsù ìlà oòrùn ló ti ń fẹ́, àwọn tó ń lọ sí Florida ló sì ń dojú kọ. Ẹni tó lè rin máìlì 12 ní wákàtí kan á lo wákàtí márùn-ún. Bí afẹ́fẹ́ bá fà á sẹ́yìn dé máìlì 8, ó di wákàtí méje àtààbọ̀. Ẹni tó bá wá ń jẹun títí di aago mẹ́sàn-án kó tó gbéra, a jẹ́ pé aago mẹ́rin àtààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ló máa débẹ̀, gbogbo ooru ọ̀sán á sì ti parí sí i lórí.

Omi wá ńkọ́? Ìmọ̀ràn tí àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ooru ni pé kí wọ́n máa mu ife omi kan, 8 ounce, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ó má sì ju 48 ounce lọ ní wákàtí kan. Ẹ fi wákàtí méje àtààbọ̀ ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gálọ́ọ̀nù méjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó páùn 16 lórí kẹ̀kẹ́. Ìgò méjì tí ẹ ń rí lára kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kì í gbà tó ààbọ̀ gálọ́ọ̀nù. Nítorí náà, bí ọmọ bá ní "Mọ́mì, mo ní omi," ẹ ní kó sọ iye gálọ́ọ̀nù.

Omi lásán kò sì tó. Ẹni tó ń làágùn tó sì ń mu omi nìkan ní àmujù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ọkàn rẹ̀ sì lè dàrú. Àwọn ìyá tó tọ́mọ nílé ní nǹkan bí ọdún 1985 á rántí omi iyọ̀ àti ṣúgà tí àwọn nọ́ọ̀sì kọ́ wọn. Ó ṣì wúlò: ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi kan, kí ṣíbí má kún ju etí rẹ̀ lọ. Ẹ̀pà oníyọ̀ náà dára.

Ooru ibẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ní Houston, òógùn á máa kán tó-tó-tó, ẹ mọ̀ pé ẹ ń làágùn. Ní ìwọ̀ oòrùn, afẹ́fẹ́ gbẹ, òógùn ti gbẹ kó tó kán, ara á sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan. Àwọn kan á ní oòrùn kì í pa aláwọ̀ dúdú. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Ara máa ń kọ́ ooru láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ọmọ tó sì dàgbà nínú ẹ̀rọ amúlétutù kò jogún ooru Ìbàdàn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Bí ẹlẹ́gbẹ́ wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kántankàntan, tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó dákú, kí wọ́n pe 911, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sí i lára, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí ambúláǹsì tó dé. Kí wọ́n má fi omi sí i lẹ́nu bí kò bá mọ ibi tó wà. Ẹ rántí pé fóònù kì í ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, láti Langtry sí Del Rio níbi tí ọsibítù wà sì tó 60 máìlì mìíràn. Kí mọ́tò kan máa tẹ̀ lé wọn ló dára jù.

Ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù ló kan àwa gan-an. A máa ń béèrè rẹ̀ bí ọmọ bá fẹ́ gbéyàwó, ta ló ń béèrè rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́? Ẹni tó jẹ́ SS, kí omi gbẹ lára rẹ̀ nínú ooru lè dá ìrora sílẹ̀ lójijì, kó má lọ láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó jẹ́ AS náà, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára àwa ọmọ Nàìjíríà jẹ́, ara rẹ̀ máa ń le dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá fi agbára ju ara lọ nínú ooru, iṣan rẹ̀ lè bàjẹ́, kó sì ba kíndìnrín jẹ́. Ní ọdún 2006, Dale Lloyd, ọmọ ọdún 19 tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Rice University níhìn-ín ní Houston, ṣubú lẹ́nu ìdánrawò, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. AS ni, kò sì mọ̀. Láti ọdún 2010 ni NCAA ti ń béèrè àyẹ̀wò yìí lọ́wọ́ àwọn eléré ìdárayá ní ìpele àkọ́kọ́. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, ẹ̀yin òbí lẹ máa béèrè. Ọmọ tí a bí nílé lè má tíì ṣe àyẹ̀wò náà rí. Kí ẹni tó bá jẹ́ AS máa rọra gùn, kó máa sinmi, kó sì dúró gbàrà tí iṣan bá ń ro ó tàbí tó rẹ̀ ẹ́, kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ má sì fi í ṣẹ̀sín.

Ìwé ńkọ́? Ọ̀nà yìí ń lọ létí ààlà Mexico, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààlà sì ní ibi àyẹ̀wò níbẹ̀. Èyí tó wà nítòsí Sierra Blanca, lórí Interstate 10, làwọn èèyàn mọ̀ jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó ti pé ọdún 18, tí kì í ṣe ọmọ onílùú, máa mú gíríìnkáàdì tàbí ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ dání. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ pé ọmọ Amẹ́ríkà lòun bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, torí ìyẹn nìkan lè ti ilẹ̀kùn ìwé mọ́ ọn títí ayé. Ọmọ tí ìwé rẹ̀ kò tíì tọ́, kó rí lọ́yà kó tó gba ibẹ̀.

Àwọn tó mọ ọ̀nà Southern Tier dáadáa kì í gbà á nígbà ooru rárá. Oṣù kẹta sí ìkẹrin, tàbí oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá, ni wọ́n ń gbà á. Bí ọmọ bá ní oṣù keje nìkan lòun rí àyè, ẹ ní kó gba ọ̀nà òkè tí ó tutù. Bí kò bá gbà, ẹ mú máàpù rẹ̀ àti ìwé íńṣọ́ọ̀ránsì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa kó tó lọ, ká jọ wò ó bóyá yóò san owó ọsibítù tó bá jìnnà sílé.