Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń fọ́ purotéènì tí kò fẹ́ mọ́, àti ibi tí kòkòrò HPV ti wọ ọ̀rọ̀ náà

Purotéènì inú ara wa kì í pẹ́ láyé bí a ṣe rò. Òmíràn á lo ọjọ́ mélòó kan, òmíràn ò ní lò tó wákàtí kan kí sẹ́ẹ̀lì tó gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo ni, ara ò sì lè ṣe é tì. Ṣùgbọ́n bó bá ṣi ẹni mú, jẹjẹrẹ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ta ló tú àdììtú yìí?

Lọ́dún 2004, Aaron Ciechanover àti Avram Hershko láti Ísírẹ́lì, pẹ̀lú Irwin Rose ará Amẹ́ríkà, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ó ti ń ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu tipẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì ń ná agbára kó tó lè fọ́ purotéènì ara rẹ̀, nígbà tí ẹran tá a jẹ ń dà nínú ikùn láìgba irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí ló fi hàn pé apá kan agbára náà ń lọ sórí yíyan èyí tó máa lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yàn án?

Bí ìjọba ṣe ń fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń lẹ ubiquitin, purotéènì kékeré tó ní amino acid 76, mọ́ èyí tí àkókò rẹ̀ ti tó. Ẹ́ńsáìmù mẹ́ta ló ń fi iṣẹ́ náà lé ara wọn lọ́wọ́: E1 á ta ubiquitin jí, E2 á gbà á, E3 á sì mọ purotéènì tí wọn yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ọwọ́ E3 ni yíyan wà, irú rẹ̀ sì lé ní 500 nínú ara èèyàn.

Bí ubiquitin bá ti so kọ́ra tó mẹ́rin, proteasome, ẹ̀rọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gé purotéènì, á gba purotéènì náà. Ihò tó ti ń gé nǹkan há gan-an, nítorí náà á kọ́kọ́ tú purotéènì náà, á yọ ubiquitin sílẹ̀ fún ìlò mìíràn, kó tó fà á wọlé. Amino acid inú àwọn ègé náà ni sẹ́ẹ̀lì á tún fi ṣe purotéènì tuntun.

Ọ̀nà wo ni HPV ń gbà tan sẹ́ẹ̀lì?

p53 ni purotéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró bí DNA rẹ̀ bá bàjẹ́, kó má baà máa bí sí i. HPV irú 16 àti 18, tó ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, kì í fọwọ́ ara rẹ̀ pa p53. E6, purotéènì tirẹ̀, ló máa ń so mọ́ ọ̀kan nínú àwọn E3, tí á sì darí rẹ̀ sí p53. Wọ́n á sàmì sí aláìṣẹ̀, proteasome á gé e. Sẹ́ẹ̀lì ti pa ohun tó ń dáàbò bò ó.

Kí lẹ lè ṣe?

Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV kì í jẹ́ kí kòkòrò náà ráyè wọnú sẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kò lè lé èyí tó ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kọjá ọjọ́ orí yìí láìgbà á. Ẹ̀yin ìyá, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ: ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí sẹ́ẹ̀lì tí HPV ti wọ̀ tó di jẹjẹrẹ, àkókò sì wà láti mú un.