Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Agọ̀ eégún, aṣọ alábùlẹ̀ tiwa

Àwọn obìnrin Gee's Bend ní Alabama, Amẹ́ríkà, a máa gán àkísà pọ̀ di aṣọ ìbora. Ní 2002, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wọ Whitney Museum ní New York, àwọn èèyàn ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Ọ̀rà, ẹ̀yin ará Ìlá, kí ló ń jó kọjá níwájú yín lọ́dún eégún?

Agọ̀ eégún tí à ń pè ní pààká, tí a mọ̀ mọ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà, kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo. Abala lórí abala ni: àrán, aṣọ òkè, àǹkárá. Wọ́n á fi aṣọ pupa gbá a létí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìdílé á máa rán abala tuntun mọ́ ọn, àwọn ti àtijọ́ á sì wọ abẹ́ lọ. Bí eégún bá wá pòyì, gbogbo rẹ̀ á fẹ́ sókè yẹ̀ẹ̀! Ire ni wọ́n ka atẹ́gùn tó bá fẹ́ síni lára sí. (Ẹ rọra sún mọ́ ọn ṣá o, pàṣán ń bẹ níbẹ̀.)

Ní 2019, Brooklyn Museum pàtẹ agọ̀ kan ṣoṣo láti Ògbómọ̀ṣọ́. Aṣọ tí wọ́n bá lára rẹ̀ lé ní 300. Òmíràn ti Yúróòpù wá, òmíràn ti Éṣíà.

Ti agbo ilé yín ńkọ́, abala mélòó lẹ rí kà?