Òfin owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ti yí padà, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ní Múṣin?

Bí èèyàn bá gba Ládìpọ̀, ní Múṣin, kọjá láàárọ̀, yóò rí àwọn ọmọṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò lójú ọ̀gá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ wà nídìí máṣìnì lágbègbè Tẹ̀júoṣó, ní Yaba. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó kí ọmọ wọn tó wọṣẹ́, wọn a sì tún náwó lọ́jọ́ tó bá ń ṣe fíríìdọ̀mù. Ṣùgbọ́n owó kan wà tí òfin yà sọ́tọ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ta ló ń san án? Ta ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ọdún 1971, lásìkò ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, ni wọ́n ṣòfin tó dá àjọ Industrial Training Fund, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ITF, sílẹ̀. Ìlú Jọ́ọ̀sì ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni òfin ní kí wọ́n máa dáwó fún un: nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún náírà tí iléeṣẹ́ bá san fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, náírà kan jẹ́ ti ITF.

Tẹ́lẹ̀, iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 25 sókè ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Àtúnṣe ọdún 2011 ló sọ 25 di 5. Kódà, iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 5 yóò san án, bí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti tó mílíọ̀nù 50 náírà. Àtúnṣe kan náà dín owó tí agbanisíṣẹ́ lè gbà padà kù. Bó bá dá òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní ìlànà àjọ náà, ó lè gba tó 60 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó san padà nígbà kan. Ní báyìí, kò lè ju ìdajì lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi iléeṣẹ́ búrẹ́dì kan ní Sùúrùlérè ṣe àpẹẹrẹ. Bó bá ní òṣìṣẹ́ 10, tó ń san 70,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, 8,400,000 náírà ni yóò san lọ́dún. Owó ITF rẹ̀ jẹ́ 84,000 náírà, èyí tó sì lè gbà padà kò ju 42,000 náírà lọ. Bí kò bá san án, ìyà òfin ń bẹ: gbèsè rẹ̀ yóò máa fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lóṣooṣù.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan ọ̀gá mẹkáníìkì nìyí. Owó oṣù ni òfin náà ń wò, ọmọṣẹ́ kì í sì í gba owó oṣù. Owó oúnjẹ ni ọ̀gá ń fún un. Ọ̀gá tí kò ní àkọsílẹ̀ owó oṣù kì í san nǹkan kan, kò sì sóhun tí yóò gbà padà, ì báà ti sọ ọmọ mẹ́wàá di ọ̀gá.

Ọ̀nà mìíràn wà fún irú wọn. Àjọ NDE, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1986, ní ètò kan tó máa ń fa ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ lé ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́. Ìjọba a fún ọmọ náà lówó díẹ̀, a sì sanwó fún ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún 2024, ITF pẹ̀lú gbé ètò Skill-Up Artisans, ìyẹn SUPA, kalẹ̀ fáwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Àmọ́ ìwọ̀nba èèyàn tówó ètò bá ká ni irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gbà.

Nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀gá tó fẹ́ kí ìjọba mọ òun fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ CAC, kó sì máa kọ orúkọ ọmọṣẹ́, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó gba ìyọ̀ǹda sílẹ̀. Kí òbí náà rí i pé ọmọ òun ṣe ìdánwò Trade Test ti ìjọba, kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lè ní ìwé ẹ̀rí.

Ìjọba náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Òfin tó lè ka òṣìṣẹ́ márùn-ún ní ilé búrẹ́dì yẹ kó lè ka ọmọṣẹ́ márùn-ún lábẹ́ igi ní Ládìpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.